Ásẹ́níkì Nínú Ìrẹsì: Ewu Rẹ̀ fún Ìlera àti Bí A Ṣe Lè Dín In Kù

Ìrẹsì ti di oúnjẹ ojoojúmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà àti ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ń jẹ ní ọjọ́ ọdún nìkan ti di ohun tí àwa ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ó rọrùn láti sè, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú àpò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé májèlé kan tí a ń pè ní ásẹ́níkì lè wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù a máa bà wọ́n. Àwọn kan a fẹ́ da ìrẹsì inú ilé wọn nù. Àwọn mìíràn a sì sọ pé irọ́ ni. Ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọdé, aboyún tàbí aláìsàn nínú ilé, àti fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí àwọn ará ìlú ń bi ní ìbéèrè, kí ẹ lè mọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ lè ṣe.

Kí ni ásẹ́níkì?

Ásẹ́níkì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ó wà nínú ilẹ̀ àti nínú àpáta láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú omi tàbí oúnjẹ, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí a fi lè dá a mọ̀. Oríṣi méjì pàtàkì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí kò so mọ́ kábọ́ọ̀nù. Òun ni ó léwu jù fún ènìyàn. Èkejì ni èyí tí ó so mọ́ kábọ́ọ̀nù, irú èyí tí ó pọ̀ nínú ẹja òkun, edé àti akàn. Èyí tí ó wà nínú ẹja kì í sábà pa ènìyàn lára, nítorí pé ara máa ń tètè tọ̀ ọ́ dànù.

Oríṣi méjèèjì ni a ń rí nínú ìrẹsì, ṣùgbọ́n èyí tí ó léwu ni ọ̀rọ̀ wa yìí dá lé lórí. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti fi í sí ìsọ̀rí kìíní, èyí tí í ṣe ti àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Báwo ni ó ṣe ń wọ inú ìrẹsì?

Ìrẹsì yàtọ̀ sí àgbàdo, ọkà bàbà àti àlìkámà. Inú oko tí omi bò mọ́lẹ̀ ni a ti ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá bo ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní lè wọ inú ilẹ̀ náà. Ásẹ́níkì tí ó ti lẹ̀ mọ́ èròjà irin inú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá tú sílẹ̀ sínú omi tí ó yí gbòǹgbò ká.

Ìrẹsì tún nílò èròjà kan tí a ń pè ní sílíkà láti mú kí igi rẹ̀ le. Ásẹ́níkì tí ó wà nínú omi oko jọ sílíkà, ó sì ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ inú gbòǹgbò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan fi èyí hàn kedere ní ọdún 2008. Ìdí méjèèjì yìí ni ó fà á tí ìrẹsì fi lè ní ásẹ́níkì tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ó wà nínú àwọn ọkà mìíràn.

Lára ibi tí ásẹ́níkì náà ti ń wá nìwọ̀nyí:

1. Àpáta àti ilẹ̀ fúnra wọn, ní àwọn agbègbè tí èròjà náà pọ̀ sí.
2. Omi kànga jínjìn tí a fi ń bomi rin oko, bí ásẹ́níkì bá wà nínú rẹ̀.
3. Ẹ̀gbin ibi ìwakùsà, pàápàá jù lọ ibi tí a ti ń wa wúrà.
4. Oògùn apakòkòrò àtijọ́. Ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n fi oògùn tí ó ní ásẹ́níkì pa kòkòrò nínú oko òwú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n wá gbin ìrẹsì sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ásẹ́níkì náà ṣì wà níbẹ̀.

Lára ìrẹsì fúnra rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lábẹ́ èèpo ni ásẹ́níkì máa ń pọ̀ sí jù. Nítorí náà, ìrẹsì tí a kò bó awọ inú rẹ̀ kúrò sábà máa ń ní in ju ìrẹsì funfun lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ dára fún ara ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀kọ́ láti Bangladesh àti Chile

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Bangladesh pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga onípáìpù káàkiri ìgbèríko. Èrò wọn dára: wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú omi adágún tí ń fi ìgbẹ́ gbuuru pa àwọn ọmọdé. Omi kànga náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò fún ásẹ́níkì. Ní ọdún 1993 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ásẹ́níkì wà nínú omi náà. Nígbà tí ó di ọdún 2000, Allan Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé pé láàárín mílíọ̀nù 35 sí mílíọ̀nù 77 ènìyàn ni ó wà nínú ewu. Wọ́n ní irú májèlé tí ó kan ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ayé. Irú omi kànga kan náà ni wọ́n fi ń bomi rin oko ìrẹsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrẹsì náà ni wọ́n sì ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ní ìlú Antofagasta ní orílẹ̀-èdè Chile, láti ọdún 1958 sí 1970, omi ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú ń mu ní ásẹ́níkì tí ó tó nǹkan bí máíkírógírámù 860 nínú lítà kan. Ní ọdún 1970 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń yọ ọ́ kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ ṣì ń pa àwọn ará ìlú náà ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Àkọ́kọ́, omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ìkejì, ohun tí a jẹ tàbí tí a mu lónìí lè fara hàn lẹ́yìn ogún ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ipò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Kì í ṣe Éṣíà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní apá àríwá Burkina Faso, ní agbègbè Ouahigouya, àwọn olùwádìí ti rí ásẹ́níkì nínú omi àwọn kànga jínjìn kan tí a gbẹ́ sí ilẹ̀ tí wúrà wà. Ní Obuasi ní orílẹ̀-èdè Ghana, àpáta tí wọ́n ti ń wa wúrà láti nǹkan bí ọdún 1897 ní ásẹ́níkì nínú, èyí sì ti ba ilẹ̀ àti odò jẹ́ ní àyíká náà.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Òjé ni ó pa àwọn ọmọ tí ó lé ní irinwó níbẹ̀, kì í ṣe ásẹ́níkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá: níbi tí a bá ti ń wa wúrà láìṣọ́ra, ó yẹ kí a yẹ ilẹ̀, omi àti oúnjẹ wò.

Ní ti ìrẹsì tí a ń jẹ, púpọ̀ nínú èyí tí a ti ń kó wọlé láti òkèèrè wá láti Thailand àti India, a sì ń gbin tiwa pẹ̀lú. Ìrẹsì Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fún àpẹẹrẹ, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń gbìn ín sí, òjò ni ó sì ń bomi rin ín. Ilẹ̀ tí omi kò bò kì í tú ásẹ́níkì sílẹ̀ bí ilẹ̀ àbàtà. Ṣùgbọ́n a kì í bó ìrẹsì Ọ̀fadà títí yóò fi funfun, nítorí náà fífọ̀ dáadáa àti sísè nínú omi púpọ̀ yẹ fún òun náà. A kò lè fi ojú, imú tàbí ẹnu mọ ìwọ̀n ásẹ́níkì tí ó wà nínú ìrẹsì. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ìwọ̀n wo ni a fọwọ́ sí?

Fún omi mímu, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ kò ju máíkírógírámù 10 lọ nínú lítà kan. Fún ìrẹsì funfun, Ìgbìmọ̀ Codex, tí ń ṣètò òfin oúnjẹ fún àgbáyé, pinnu ní ọdún 2014 pé ásẹ́níkì tí ó léwu kò gbọdọ̀ ju mílígírámù 0.2 lọ nínú kìlógírámù kan. Ní ọdún 2016, wọ́n fi ti ìrẹsì tí a kò bó awọ inú rẹ̀ sí mílígírámù 0.35.

Fún àwọn ọmọdé, àwọn orílẹ̀-èdè kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 2016, ìrẹsì tí a fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ọmọ ìkókó ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju mílígírámù 0.10 lọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA fi irú ìwọ̀n kan náà lélẹ̀ ní ọdún 2020 fún ẹ̀kọ ìrẹsì àwọn ọmọ ìkókó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré ṣàlàyé rẹ̀. Bí ìrẹsì bá ní mílígírámù 0.2 nínú kìlógírámù kan, gírámù 100 ìrẹsì tútù ní máíkírógírámù 20. Bákan náà ni èyí rí pẹ̀lú lítà méjì omi tí ó ní máíkírógírámù 10 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà tí ó wọn kìlógírámù 60, tí ó bá jẹ gírámù 100 náà, yóò gba nǹkan bí máíkírógírámù 0.33 fún kìlógírámù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó wọn kìlógírámù 10, tí ó jẹ ìdajì rẹ̀ péré, yóò gba máíkírógírámù 1 fún kìlógírámù kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àgbàlagbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ kéré.

Ta ni ewu náà kàn jù?

- Ọmọ ìkókó àti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé ara wọn kéré, ọpọlọ wọn sì ń dàgbà lọ́wọ́.
- Aboyún, nítorí pé ásẹ́níkì ń gba inú ibi ọmọ kọjá dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀. Níbi tí ó bá pọ̀, ó lè fa kí oyún bàjẹ́, tàbí kí a bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n.
- Àwọn tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́.
- Àwọn tí ara wọn kò gba àlìkámà, tí wọ́n wá fi oúnjẹ oníìrẹsì rọ́pò ohun gbogbo.
- Àwọn tí omi mímu wọn pàápàá ní ásẹ́níkì. Ewu tiwọn jẹ́ méjì: omi tí wọ́n ń mu àti omi tí wọ́n fi ń se ìrẹsì.
- Àwọn tí wọ́n ń mu sìgá, nítorí pé sìgá àti ásẹ́níkì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn àmì wo ni a lè rí?

Bí ènìyàn bá gbé ásẹ́níkì púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà, èébì, inú rírun líle àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò tẹ̀ lé e. Ó sì lè pa á. Ìrẹsì nìkan kì í fa irú èyí. Bí ẹ bá rí i, ẹ wá orísun mìíràn, kí ẹ sì gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa ni májèlé tí ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí:

- Àmì dúdú àti funfun káàkiri àyà, ẹ̀yìn àti apá, bí ẹni pé òjò ta sí erùpẹ̀. Ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún kí èyí tó fara hàn.
- Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó yi, tí kókó líle kéékèèké wà lórí wọn.
- Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ń kú tipiri tàbí tí ń ta bí abẹ́rẹ́.
- Lẹ́yìn ọdún púpọ̀: àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀. Àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ náà lè wáyé.
- Lára àwọn ọmọdé, ó lè fa ìfàsẹ́yìn nínú òye àti ẹ̀kọ́, láìsí àmì kankan lára awọ.

Àwọn àmì awọ wọ̀nyí máa ń hàn jù lọ lára àwọn tí omi mímu wọn ní ásẹ́níkì púpọ̀. Ẹni tí ó kàn ń jẹ ìrẹsì ọjà kò ní rí wọn. Ewu tirẹ̀ ni pé kí àǹfààní àrùn láti kọlù ú pọ̀ díẹ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Bí a ṣe lè se ìrẹsì kí ásẹ́níkì rẹ̀ dín kù

Inú mi dùn láti sọ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó dára jù. Gbígbé ìrẹsì kaná fún ìgbà díẹ̀, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a sì fọ̀ ọ́ kí a tó sè é jinná, kì í ṣe àṣejù. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú ọ̀nà yìí yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó yọ ju ìdajì ásẹ́níkì inú ìrẹsì tí a kò bó lọ, ó sì yọ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ìrẹsì funfun. Bí ẹ ó ti ṣe é nìyí:

1. Ẹ ṣa ìrẹsì, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Fífọ̀ nìkan kì í yọ ju díẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dúró níbẹ̀.
2. Fún ife ìrẹsì kan, ẹ gbé ife omi mẹ́rin kaná. Nígbà tí omi bá ń hó, ẹ da ìrẹsì sí i, kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.
3. Ẹ da gbogbo omi náà nù. Ẹ má ṣe fi í se ọbẹ̀, ẹ má sì fún ọmọ mu.
4. Ẹ bu ife omi tuntun méjì sí i, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ sì sè é títí yóò fi jinná. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, ìgbà yìí ni kí ẹ dà á sínú ata.

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fi ife omi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ se ife ìrẹsì kan títí yóò fi jinná, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ omi tí ó kù dànù. Àwọn èròjà aṣaralóore kan máa ń bá omi náà lọ, nítorí náà ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin tàbí ẹja jẹ ìrẹsì náà.

Ohun kan ṣe pàtàkì: omi tí ẹ fi sè é gbọ́dọ̀ dára. Bí ásẹ́níkì bá wà nínú omi, ìrẹsì yóò fà á mu. Sísè omi kì í pa ásẹ́níkì bí ó ti ń pa kòkòrò àrùn. Bí omi náà bá ṣe ń gbẹ ni ásẹ́níkì inú rẹ̀ ń ki sí i.

Oúnjẹ ọmọdé àti aboyún

Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan ti tó ọmọ. Ásẹ́níkì kì í sábà pọ̀ nínú omi ọmú, kódà nígbà tí ìyá bá ń gbé níbi tí omi ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ásẹ́níkì já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí oúnjẹ àfikún bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi ìrẹsì nìkan bọ́ ọmọ. Ògì àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà tí a pò mọ́ ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀, iṣu gígún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín, gbogbo wọn dára. Kí ọmọ jẹ ìrẹsì lónìí, kí ó jẹ iṣu lọ́la. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ ìlera níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ohun mímu tí a fi ìrẹsì ṣe dípò wàrà.

Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí omi ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ ìrẹsì sì jẹ́ ohun tí ó wà nítòsí, ẹ má ṣe fi í dù ú. Gbígbẹ omi ara lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ásẹ́níkì inú ìrẹsì ọjọ́ díẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ọmọ tí ebi ti hàn lára rẹ̀ nílò oúnjẹ kí ó tó nílò ohunkóhun mìíràn.

Fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera

- Bí ẹ bá rí aláìsàn tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yi, tí àmì sì wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe yára pè é ní ẹ̀tẹ̀ tàbí àrùn awọ lásán. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń pọn omi, ọdún tí ó ti ń mu ún, àti bóyá wọ́n ń wa kùsà nítòsí. Ẹ bi í léèrè oògùn ìbílẹ̀ tí ó ń lò pẹ̀lú, nítorí pé ásẹ́níkì wà nínú àwọn kan.
- Ẹ béèrè bóyá àwọn mìíràn nínú ilé tàbí ládùúgbò ní irú àmì kan náà.
- Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni ó dára jù láti mọ ohun tí ó wọ ara láìpẹ́. Kí aláìsàn má ṣe jẹ ẹja òkun, edé tàbí akàn fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú, kí èsì rẹ̀ má baà ṣì wá lọ́nà. Èékánná àti irun lè sọ ti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn.
- Bí ó bá jẹ́ ti májèlé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìwòsàn ńlá ni ó yẹ, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní oògùn tí ń fa ásẹ́níkì jáde, bí dimercaprol tàbí DMSA. Fún ti ọlọ́dún púpọ̀, oògùn kan kò tíì fìdí múlẹ̀ tí ó ń wò ó sàn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí orísun rẹ̀ dópin, kí aláìsàn máa jẹ oúnjẹ tí ó péye, kí ó sì jáwọ́ nínú sìgá.
- Ẹ fi ohun tí ẹ rí tó ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí wọ́n lè yẹ omi àdúgbò náà wò. Aláìsàn kan ṣoṣo lè jẹ́ àmì pé gbogbo abúlé wà nínú ewu.

Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́

Ṣé kí n jáwọ́ nínú ìrẹsì jíjẹ? Rárá. Ẹ sè é bí a ti là á kalẹ̀, kí ẹ sì máa fi oúnjẹ mìíràn gbà á láàárín ọ̀sẹ̀.

Ṣé ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ni ó ní ásẹ́níkì, tí tiwa kò ní? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ àti omi tí a fi gbìn ín ni ó ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ó wà lára àpò.

Kí ni àgbẹ̀ lè ṣe? Ó lè jẹ́ kí omi gbẹ kúrò nínú oko lóòrèkóòrè kí ó tó tún dá a padà. Èyí ń dín ásẹ́níkì kù, ó sì ń dín omi tí a ń ná kù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bá gbẹ jù lè jẹ́ kí májèlé mìíràn tí a ń pè ní cadmium wọ inú ìrẹsì, nítorí náà kí ó gba ìmọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ rántí

Omi ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo ìrẹsì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ kan ṣoṣo tọ́ ọmọ. Bí ẹ bá sì rí àmì tí kò yé yín lára ẹnikẹ́ni tí ẹ ń tọ́jú, ẹ má ṣe dúró títí yóò fi le. Ẹ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ yín.